Erèé bíbó, àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń sè é nílé

Inú erèé kan náà ni àkàrà òwúrọ̀ Sátidé, mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Àìkú, ẹ̀kuru, àti gbẹ̀gìrì tí a ń dà pọ̀ mọ́ ewédú lórí àmàlà ti ń jáde. Omi, afẹ́fẹ́ àti iná ló yà wọ́n sọ́tọ̀ síra. Àwọn ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ la kó jọ síbí. A fi ìwọ̀n sí ìdáhùn wọn, nítorí pé "fi díẹ̀ sí i" kì í yé ẹni tí kò sí nítòsí ìkòkò.

Irú erèé wo ni kí n rà?

Ẹ̀wà olóyin àti ẹ̀wà funfun ni ẹ máa rí jù lọ́jà, méjèèjì ló sì dára. Olóyin ní adùn tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń fẹ́ ẹ fún gbẹ̀gìrì. Àkàrà àti ẹ̀kuru tí a bá fi ẹ̀wà funfun ṣe máa ń mọ́ lójú ju ti olóyin lọ.

Ọjọ́ orí erèé ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tó ti pẹ́ nínú àpò kì í tètè rọ̀, kódà bí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ àpò, kì í ṣe láti òkè. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní lára rẹ̀, tàbí tí ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Báwo ni mo ṣe lè bó èèpo rẹ̀ kíákíá?

Ẹ kọ́kọ́ ṣa òkúta kúrò. Ẹ wá da omi tútù lé erèé lórí fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Èèpo ló ń kọ́kọ́ mu omi, inú kò tíì wú, nítorí náà èèpo á hunjọ, á sì dẹ̀ lára erèé. Àkókò tó yẹ kí ọwọ́ kàn án nìyẹn. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, inú á wú, á tún kún inú èèpo padà, iṣẹ́ á sì pọ̀ sí i. Ó ṣì ṣeé bó ṣá o, ọwọ́ ló máa ro yín.

Ẹni tó ní odó á dà á sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, á sì máa fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yí nǹkan. Kì í ṣe gígún. Ẹni tó ní bíléńdà á bu omi kó bo erèé dáadáa, á tẹ bọ́tìnnì, á sì jáwọ́ lójú ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, kó lè fọ́ sí méjìméjì láìkúnná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á nínú omi púpọ̀. Èèpo á léfòó, erèé á rì. Ẹ da èèpo kúrò lórí ajọ̀, ẹ tún omi mìíràn bù, ẹ tún ra á. Ó máa ń tó ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó mọ́. Ẹ má ṣe fi ojú dúdú sílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ bá ń ṣe ẹ̀kuru, nítorí gbogbo rẹ̀ ló máa hàn.

Ṣé ó pọn dandan kí n bó o?

Fún oúnjẹ mẹ́rin yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Èèpo kì í jẹ́ kí àkàrà fúyẹ́, ó sì ń mú mọ́ínmọ́ín le, kó sì pọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ èèpo, kó se ẹ̀wà rẹ̀ lódindi, ó dùn bẹ́ẹ̀ náà.

Lẹ́yìn bíbó, ṣé kí n tún rẹ ẹ́?

Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 1 sí 2, kó lè kúnná. Ẹ da omi yẹn nù: ara súgà tó ń fa inú kíkún wà nínú rẹ̀. Ní ìgbà ooru, kó má kọjá wákàtí 3 láìsí nínú fíríìjì, torí erèé tútù tètè ń kan.

Omi mélòó ni kí n fi lọ̀ ọ́?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló ń ya oúnjẹ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ìdajì kílò erèé gbígbẹ ni ìwọ̀n tí a ń lò níbí. Ó súnmọ́ agolo mílíìkì mẹ́ta tó kún tó yọ orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agolo kò dọ́gba, òṣùwọ̀n ló dájú.

Fún àkàrà, ẹ má kọjá ife kékeré kan, nǹkan bí 200 mílílítà, ìyẹn omi tó máa jẹ́ kí bíléńdà yí nìkan. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ, ẹ sọ fún ẹni tó ń lọ̀ ọ́ pé àkàrà ni, kó má bu omi sí i. Ẹ ní kó fi omi ṣan ẹ̀rọ kí ó tó da tiyín sí i, torí ata ẹni tó lọ ṣáájú yín máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀.

Fún ẹ̀kuru, kó ki bíi ti àkàrà tàbí kó fi díẹ̀ ṣàn jù ú lọ. Fún mọ́ínmọ́ín, gbogbo omi tí ẹ máa lò, èyí tí ẹ fi lọ̀ ọ́ àti omi ẹran tí ẹ bù sí i lẹ́yìn, á jẹ́ bíi 600 sí 700 mílílítà. A kò ka omi inú ata àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, nítorí náà ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀. Erèé tó ti pò dáadáa á máa ṣàn láti ẹnu ṣíbí bí ẹ̀kọ mímu tó ki díẹ̀, á sì bo ẹ̀yìn ṣíbí. Bí ó bá ń ṣàn bí omi ọbẹ̀, ó ti bàjẹ́ díẹ̀. Ẹ lọ erèé díẹ̀ sí i bí ẹ bá ní, ẹ má fi ìyẹ̀fun fúláwà dí i.

Àkàrà mi ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń mu epo. Kí ló fà á?

Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fà á, wọ́n sì lè pàdé nínú agbada kan ṣoṣo.

Èkíní ni omi tó pọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí àkàrà tú sépo lóòótọ́, kì í ṣe bí òwe.

Èkejì ni pé wọn kò lù ú tó. Erèé ní èròjà tó lè di afẹ́fẹ́ mú bíi ti funfun ẹyin, bí a bá ti lù ú wọ inú rẹ̀. Ẹ fi ọmọ odó, orógùn tàbí ọwọ́ lù ú sí ọ̀nà kan náà fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ̀rọ ìpo kéèkì bá wà nílé, ìṣẹ́jú 4 sí 5 ti tó. Ẹ máa rí i tó ń funfun sí i, tó ń wú, tí ohùn rẹ̀ nínú abọ́ sì ń yí padà, láti pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ sí fùkẹ̀fùkẹ̀. Ẹ ju kíún sínú ife omi tútù. Bí ó bá léfòó, ó ti tó. Bí ó bá rì, ẹ padà sídìí odó.

Ẹ̀kẹta ni iyọ̀ tó yá jù. Iyọ̀ ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà gígé, erèé tó ki á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ ni kó kẹ́yìn, nígbà tí epo bá ti ń gbóná lórí iná. Bí ó bá pọ̀ tí ẹ máa dín in fún wákàtí kan, ẹ pín in sí abọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa fi iyọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe kàn.

Ẹ̀kẹrin ni epo tí kò gbóná tó. Ẹ jẹ́ kó jìn tó ìka mẹ́ta. Ẹ kán erèé díẹ̀ sí i: bí ó bá rì tí ó pẹ́ kó tó yọ, epo ò tíì ṣetán, bí ó bá yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó ń hó yíká, ó ti ṣetán, bí ó bá dúdú kí ẹ tó ka márùn-ún, ẹ dín iná kù. Ẹni tó ní ohun ìwọn ooru, kó wo 175 sí 185 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ má sì kún agbada jù, torí gbogbo erèé tútù tó bá wọlé ló ń gba ooru lára epo.

Epo pupa tàbí òróró?

Epo pupa ni àkàrà àtijọ́, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Òróró ló pọ̀ nínú ilé báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ òórùn epo pupa láìjẹ́ kó wúwo, ẹ fi ife epo pupa kan sí ife òróró mẹ́ta. Tàrà tí epo bá ti ń rú èéfín tó ń ta èèyàn lójú, ó ti jóná, kò sì yẹ ní dídín mọ́.

Ẹni tó fẹ́ àkàrà tó gan tó sì ń ró lẹ́nu, bíi ti Òṣú lójú ọ̀nà Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀, kó má wá fífúyẹ́. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń bù ú, a ó sì jẹ́ kó pẹ́ nínú epo títí á fi gbẹ dé inú.

Ẹ fún mi ní ìwọ̀n mọ́ínmọ́ín.

Ìdajì kílò erèé tí a ti bó, tàtàsé 3, ata rodo 2, àlùbọ́sà ńlá 1, edé gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí ìjẹun 2, òróró 120 mílílítà, iyọ̀ ṣíbí tíì 2, omi ẹran tàbí omi ẹja tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí a ti sọ lókè. Bí omi ẹran bá ti ní iyọ̀, ẹ fi ṣíbí tíì 1 sí i, kí ẹ tọ́ ọ wò lẹ́yìn náà. Ó máa jẹ́ nǹkan bí 10 sí 12 tí ẹ bá fi ewé dì í.

Ẹ lọ erèé, ata àti àlùbọ́sà pọ̀ títí á fi kúnná kúríkúrí. Bí ẹ bá fi ìka méjì ra á, kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó dà bí iyanrìn níbẹ̀. Ẹ bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ da òróró sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi gbígbóná jan-in-jan-in kò dára, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í se erèé nínú abọ́, mọ́ínmọ́ín á sì ní kókó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dì í sínú ewé tí kì í fi í jò?

Ewé eéran ni. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún tojú tẹ̀yìn, ẹ gé igi rẹ̀, ẹ má jù ú nù. Ewé tó ya lójú iṣan, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ìbòrí.

Ẹ gbé ewé méjì lé ara wọn, kí ọ̀kan bo ibi tí èkejì ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ká a bí òkòtó: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣẹ́ṣóńṣó. Ibi ìdí yẹn ló ń jò. Ẹ ká a sókè sí ẹ̀yìn ewé, ó kéré tán ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lára àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ fi gbé e. Ẹ má tú ọwọ́ yẹn títí ẹ fi parí. Ẹ bu erèé sí i kó dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, torí ó máa wú díẹ̀. Ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ ká ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ká èkejì, ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ní apá ibi tí ìdí ká sí. Ẹ tò ó sínú ìkòkò kí ibi tí a ká yìí wà nísàlẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ pa.

Igi ewé tí ẹ gé ni ẹ máa tò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí mọ́ínmọ́ín má bàa jókòó sínú omi. Omi á ga tó ìka mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ ti máa hó kí ẹ tó to ẹyọ kan sí i. Ẹ fi ewé tó kù bo orí rẹ̀, ẹ dé e pa. Ìṣẹ́jú 45 sí 60 ni. Bí omi bá ń tán, ẹ da omi híhó gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kì í ṣe orí mọ́ínmọ́ín. Tó bá jinná, ewé á ti kúrò ní tútù yọ̀yọ̀, á ti pọ́n, ọ̀bẹ tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ á sì jáde láìsí erèé tútù lára. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ẹ bá pa iná. Bó ṣe ń tutù ló ń di ara rẹ̀ mú.

Mọ́ínmọ́ín mi pín sí méjì: òkè rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ìsàlẹ̀ le. Kí ni mo ṣe?

Erèé ti rì kí ooru tó kàn án. Ó lè jẹ́ pé omi pọ̀, pé ẹ tò ó sínú omi tútù, tàbí pé ẹ kò rò ó láàárín bíbù. Ní gbogbo ìgbà tí ṣíbí bá máa wọ inú abọ́ yẹn, kó kọ́kọ́ kàn ìsàlẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́ báyìí, ẹ tú u sínú abọ́, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún un dì, ẹ tún un sè. Kò ní dán bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé jẹ.

Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ńkọ́?

Ẹyin sísè, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, edé, ẹ̀dọ̀, ẹran inú agolo, mùdùnmúdùn: ilé kọ̀ọ̀kan ló ń ka méje tirẹ̀. Ohun kan tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí gbogbo rẹ̀ ti jinná kó sì ti gbẹ. Ẹja tútù máa ń tú omi sínú erèé, ibẹ̀ á sì máa rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Ṣé mo lè fi ọ̀rá sè é?

A kì í fi ọ̀rá sè é. Ọ̀rá ọjà lásán kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún omi híhó. Bí ewé bá wọ́n, agolo tó mọ́ tàbí abọ́ onírin kékeré tí ẹ fi òróró pa nínú sàn jù ú lọ.

Kí ni ẹ̀kuru?

Erèé funfun lílọ̀, tí kò ní iyọ̀, ata tàbí epo, tí a lù dáadáa, tí a sì sè bíi mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn sísè ni a ó tú u, a ó rún un, a ó fi ata díndín jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ. Ata díndín yẹn gan-an ni oúnjẹ: tàtàsé, rodo àti àlùbọ́sà tí a ti sẹ́ omi rẹ̀, a ó dín in nínú epo pupa lórí iná jẹ́jẹ́ títí epo á fi yọ sókè, a ó wá fi edé àti irú sí i. Ó dùn wá pé ẹ̀kuru ti ń dàwátì nínú ọ̀pọ̀ ilé, nígbà tó jẹ́ pé òun ló rọrùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Gbẹ̀gìrì mi máa ń jóná nísàlẹ̀, ó sì ń ní kókó.

Agolo mílíìkì 2 erèé tí a ti bó, ẹ sè é nínú omi tó tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 sí 60, títí á fi máa fọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Ẹ fi ìjábẹ̀ lù ú, kí ẹ sì sẹ́ ẹ lórí ajọ̀. Ẹni tó bá fo ajọ̀ ló ń rí kókó. Ẹ dá a padà sórí iná, ẹ fi epo pupa ìgbakọ 2, ata gígún, irú, edé àti iyọ̀ sí i, kó hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ má dákẹ́ rírò rẹ̀. Ìgbà yìí ló ń jóná, torí ó ti ki. Ó sì máa ń ta, nítorí náà ẹ fi ìdérí bo ìdajì. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ṣàn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, ó máa ki sí i bó bá tutù.

Ó tètè ń kan. Èyí tó bá kù, kó hó dáadáa, kó tutù, kó wọ fíríìjì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú erèé kí kòkòrò má jẹ ẹ́?

Ẹ dì í sínú ike tó ń dé pinpin, kó wọ fírísà fún ọjọ́ 3 sí 4, ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Lẹ́yìn náà, ó lè wà nínú ike náà lórí pẹpẹ. Oògùn apakòkòrò kò ní í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ lórí erèé. Fífọ̀ kì í sì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ìlú òyìnbó ni mo wà. Kí ni mo lè lò dípò?

Ẹ̀wà funfun olójú dúdú wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, òun náà ni. Ẹ lè bá ewé eéran tó ti dì bíi yìnyín pàdé ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Áfíríkà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dára; ẹ kọ́kọ́ fì í lórí iná títí á fi dán tó sì rọ̀, kó má bàa ya. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ́ọ̀fù, ẹ to abọ́ sínú páànù pẹrẹsẹ tó ní omi híhó, ẹ bò ó, 180 Celsius, ìṣẹ́jú 50 sí 60. Ìyẹ̀fun erèé ń ṣe mọ́ínmọ́ín tó ṣeé jẹ tí ẹ bá rẹ ẹ́ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n kì í fúyẹ́ tó erèé tútù fún àkàrà.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń dín àkàrà ní Bùràsíìlì?

Òótọ́ ni. Acarajé ni wọ́n ń pè é ní Bahia, ọ̀rọ̀ wa "àkàrà" àti "jẹ" ló wà nínú rẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n ń là á láàárín, wọ́n sì ń fi edé gbígbẹ àti vatapá (ohun kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé àti epo pupa sè) sí i. Oúnjẹ Ọya ni níbẹ̀, Iansã lẹ́nu wọn. Ní 2005, àjọ tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá ní Bùràsíìlì, IPHAN, kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Abará ni èkejì rẹ̀: erèé kan náà, wọ́n dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sè é. Àwọn Krio ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ní oleleh, a sì ń gbọ́ olelé àti ekrú láàárín àwọn olórìṣà ní Kúbà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni orúkọ mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà wa á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò.

Ìyá mi kì í wọn nǹkan. Báwo ni mo ṣe lè kọ bó ṣe ń sè é sílẹ̀?

Ẹ má béèrè iye lọ́wọ́ wọn, ẹ ò ní rí i gbà. Ẹ gbé ike iyọ̀ sórí òṣùwọ̀n kí màmá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀. Ẹ tún gbé e sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá sè tán. Ohun tó dín ni iyọ̀ wọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgò epo, agolo edé àti jọ́ọ̀gì omi. Wọ́n á máa sè bí wọ́n ṣe máa ń sè, ọwọ́ wọn ò ní yí padà, ẹ̀yin á sì ní ìwọ̀n. Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe é, torí erèé ọjọ́ kan kì í mu omi bíi ti ọjọ́ kejì. Ẹ kọ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù.

Ohun tí ẹ máa béèrè ni àmì: "Mọ́mì, kí lẹ rí tí ẹ fi mọ̀ pé ó tó?" Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ti ẹnu wọn jáde, ní ẹ̀ka èdè ìlú wọn. Bí ẹ bá ń ya fídíò, ọwọ́ àti inú abọ́ ni kí kámẹ́rà wò, kí ẹ sì súnmọ́ ibi tí ohùn lílù rẹ̀ á ti wọlé. Agolo tí wọ́n fi ń wọn erèé, ẹ bu omi kún un, kí ẹ kọ iye mílílítà rẹ̀ sínú ìwé, torí ọjọ́ kan agolo yẹn lè sọnù. Ẹ kọ orúkọ wọn sókè ìwé náà, orúkọ ẹni tó kọ́ wọn nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ìlú tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣa òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ra erèé nínú omi, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èèpo tó ń léfòó. Ẹ fún un ní abọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ erèé méjì, kí ẹ má gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò yá. Dídì ewé, láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ; ẹ jẹ́ kó fi omi lásán dá a wò ná. Epo gbígbóná ló kẹ́yìn, nígbà tó bá ga ju agbada lọ dáadáa tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti dúró.